Prámárì 4 Ló Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ Àwòrán Ti Bẹ̀rẹ̀ ní Pẹrẹu

Ọmọ ọdún 5 kì í bẹ̀rù àwòrán. Ó lè ya ìyá rẹ̀ kó ga ju ilé lọ, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Àmọ́ tó bá fi máa dé Prámárì 4, ojú ti là. Ó fẹ́ kí ewúrẹ́ tí òun yà jọ ewúrẹ́. Bí kò bá jọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀nà hàn án, á ní òun ò lẹ́bùn rẹ̀, á sì pa á tì. Àkókò tó yẹ ká kọ́ ọ gan-an nìyẹn, ibẹ̀ la sì ti ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Tísà á ya òdòdó sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, ó parí.

Dípò ìyẹn, ẹ̀yin tísà, ẹ gbé igbá sórí tábìlì. Ẹ bi àwọn ọmọ: níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti bà á? Apá wo ló ṣókùnkùn? Ṣé fífẹ̀ rẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ? Kí wọ́n fi èédú kun apá tó ṣókùnkùn, wọ́n á rí i bí ohun pẹrẹsẹ orí bébà ṣe ń di roboto. Osùn àti ẹfun wà lọ́jà fún àwọ̀. Àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ náà wà nítòsí. Ọmọ tó bá wo bí wọ́n ṣe ń pín ojú igbá sí abala abala á fojú rí ìṣirò ìdá.

Ẹni tó bá ní ẹ̀bùn àbínibí ni gbogbo rẹ̀, kó rántí ayàwòrán Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti òkè òkun dé ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé Èkó ní àwòrán, nígbà tí àwọn òyìnbó kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè mọ̀ ọ́n. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn gba òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kenneth Murray wá ní 1927 láti máa kọ́ni ní àwòrán.

Yunifásítì LAUTECH ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sí àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yí wọn ká. Kí àwọn ọ̀gá iléèwé pe afíngbá tàbí ahunṣọ wọ kíláàsì, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ má na ọmọ nítorí àwòrán tó yà sẹ́yìn ìwé ìṣirò. Kí SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwòrán lọ́sẹ̀, láti Prámárì 4 dé 6, kí sáà tuntun tó wọlé.