Ohun Gbogbo Ni Ó Ní Ìpè Tí Ó Ń Jẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ́ ohun tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun, tí kò sì bá ohun tí àwọn baba wa ń ṣe tan rárá. Èrò yìí kò tọ́, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹ̀kọ́ tí ó sọ fún wa ìdí tí nǹkan fi ń gbọ̀n tí ó sì ń dún, àti ìdí tí agbára kékeré fi lè mi ohun ńlá. Èrò tèmi ni pé kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá bí kò ṣe lára ìlù dùndún, àti pé ọmọ onílù tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ní Kúta tàbí ní Ìwó ti mọ ìdajì rẹ̀ kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà sọ? Ó sọ pé gbogbo ohun tí ó lè gbọ̀n, ìbáà ṣe okùn, ìbáà ṣe awọ, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe afẹ́fẹ́ inú ìgò, ni ó ní iye ìgbà tí ó máa ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí a ti dá a ni; nítorí náà ìgbọ̀n àdámọ́ ni n óò máa pè é. Bí agbára kan láti òde bá ń kàn án ní iye ìgbà kan náà gẹ́lẹ́, nǹkan náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n gidigidi, bí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ tí ó sì dáhùn. Bí iye ìgbà náà bá yàtọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò mì, bí ẹni tí a pe orúkọ ẹlòmíràn sí létí. Ohun tí àwọn ìwé Òyìnbó ń pè ní rẹ́sónáǹsì nìyí. Èmi yóò pè é ní ìjẹ́pè, nítorí pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: a pe nǹkan, nǹkan sì jẹ́.

Ẹ wo àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi jáńgírọ́fà ṣeré lábẹ́ igi. Gígùn okùn ni ó ń pinnu bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó lọ kí ó sì bọ̀, kì í ṣe agbára ẹni tí ń tì í. Bí ẹ bá so òkúta kékeré mọ́ okùn tí ó gùn ní mítà 1, tí ẹ sì jẹ́ kí ó máa fì, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kan yóò gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 2. Ẹ fi òkúta tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, àkókò náà kò ní yí padà. Ọmọ kékeré tí ó bá mọ ìgbà lè fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé òkè, nítorí pé ó ń dúró kí jáńgírọ́fà padà wá bá a kí ó tó tì í. Òmìrán tí kò mọ ìgbà yóò tì í nígbà tí ó ṣì ń bọ̀ lọ́wọ́, yóò sì dá a dúró. Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ó dà bí ẹni pé jáńgírọ́fà ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe náà.

Ṣùgbọ́n ìlù dùndún ni ọ̀gá gbogbo àpẹẹrẹ. Ojú méjèèjì igi ìlù ni awọ wà, ọ̀sán sì so awọ kan pọ̀ mọ́ èkejì. Bí onílù bá fa ọ̀sán, awọ yóò le, ìgbọ̀n àdámọ́ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ohùn ìlù yóò sì gòkè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, awọ yóò dẹ̀, ohùn yóò sì lọ sílẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ kò yí padà, igi ìlù kò yí padà, awọ náà sì ni awọ àná. Ìfà nìkan ni ó yí padà. Báyìí ni ìyáàlù ṣe ń sọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa, tí ó fi lè ki Olówu ní Kúta, tí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù yóò sì mọ ohun tí ó wí. Ẹ wá wo gúdúgúdú, tí ó jẹ́ olójú kan, tí onílù kì í fa ọ̀sán rẹ̀ bí ó ti ń lù ú. Ìda ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àárín awọ rẹ̀. Ìda ń fi ìwúwo kún awọ, ohun tí ó bá sì wúwo sí i, ìgbọ̀n rẹ̀ a máa dín kù. Ní ìgbà òjò, bí ọ̀rinrin bá mú kí awọ dẹ̀, onílù a sá ìlù rẹ̀ sí oòrùn kí ó lè padà le. Ìfà awọ, ìwúwo rẹ̀ àti bí ojú ìlù ti fẹ̀ tó: ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni ìwé físíìsì sọ pé wọ́n ń pinnu ìgbọ̀n awọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí onílù kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kànnàngó kékeré fi ń dún kíkan ju ìyáàlù lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè dán ìjẹ́pè wò láìsí ohun èlò láti òkè òkun. Ẹ gbé ìlù dùndún kan dúró kí ojú rẹ̀ máa wo òkè, kí ẹ sì wọ́n yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sí i. Kí ẹnìkan di ìlù mìíràn tí ó tóbi tó o mú nítòsí rẹ̀, kí ó máa lù ú, kí ó sì máa fa ọ̀sán díẹ̀díẹ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Yóò kan ibì kan tí yanrìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí jó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kan ìlù náà. Bí ohùn bá ti kọjá ibẹ̀, ijó yóò rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé ìpè lọ. Awọ kejì sì jẹ́ ẹ.

Ìjẹ́pè kún inú ilé wa bákan náà. Ẹni tí ń rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì kò nílò láti yọjú wo inú rẹ̀: bí omi ti ń pọ̀ sí i ni àyè tí afẹ́fẹ́ wà ń kúrú sí i, ohùn rẹ̀ a sì máa gòkè títí tí etí yóò fi sọ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹni tí ó bá kọrin sí ẹnu ìkòkò yóò rí i pé ohùn kan wà tí ìkòkò ń gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ní ibi tí a ti ń lọ ata, bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra tàbí tí ó ń kú lọ, ó ní ìgbà kan tí páànù òrùlé yóò gbọ̀n jìgìjìgì, tí yóò sì dákẹ́ bí eré ẹ̀rọ bá ti yí padà. Àwọn ìyá wa tí ń ru omi mọ ìjẹ́pè tí kò dára: bí ìṣísẹ̀ wọn bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìfì omi inú garawa, omi yóò máa ta sí wọn lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ewé tàbí igbá kékeré lé ojú omi kí ó má baà rú. Wọn kò ka ìwé físíìsì, ṣùgbọ́n òfin físíìsì ni wọ́n ń lò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Ohun tí ń da omi sílẹ̀ nínú garawa lè wó afárá. Ní ọdún 1831, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 74 ń kọjá lórí afárá Broughton, nítòsí Manchester, gbogbo wọn sì ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá bẹ̀rẹ̀ sí fì lábẹ́ wọn, inú wọn dùn sí i, wọ́n sì túbọ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí irin kan fi ṣẹ́, tí apá kan afárá wó, tí ọ̀pọ̀ wọn sì bọ́ sínú odò. Orí kó wọn yọ, kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àṣẹ ti wà pé kí àwọn ọmọ ogun má ṣe gbé ẹsẹ̀ pọ̀ bí wọ́n bá dé orí afárá. Ní ọdún 1850, afárá mìíràn wó lábẹ́ àwọn ọmọ ogun ní Angers ní ilẹ̀ Faransé, ó sì pa ju 200 ènìyàn lọ. Ìjì ń jà ní ọjọ́ náà, irin afárá náà sì ti dípẹtà. Ní London, wọ́n ṣí Afárá Millennium ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ọdún 2000. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í, nítorí pé ó ń fì sí ọ̀tún àti sí òsì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń rìn. Ó di ọdún 2002 kí wọ́n tó tún ṣí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àwọn ohun tí ń pa ìfì kú sí i lára. Ewé orí omi ni wọ́n lọ wá, ní ọ̀nà tiwọn.

Ti Mexico City ni ó burú jù, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985. Ibi tí ilẹ̀ ti mì jìnnà sí ìlú náà ju kìlómítà 300 lọ, ṣùgbọ́n orí adágún omi àtijọ́ ni a kọ́ apá kan ìlú náà sí. Ilẹ̀ rírọ̀ yẹn ń fì, àlọ àti àbọ̀ kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2, àkókò kan náà pẹ̀lú ti òkúta wa lórí okùn mítà 1. Àwọn ilé tí kò kúrú tí kò sì ga jù, láti bí àjà 6 dé 15, ni ó jìyà jù, nítorí pé ìgbọ̀n àdámọ́ wọn sún mọ́ ti ilẹ̀ abẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé kúkúrú àti ilé gíga fíofío ni ó dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú. Ẹni tí yóò bá kọ́lé fún ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ìpè tí ilé rẹ̀ ń jẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí onílù bá ti mọ gbogbo èyí, kí ni a tún ń wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ìbéèrè rere ni. Onílù mọ bí a ti ń ṣe é. Sáyẹ́ǹsì ń sọ iye tí ó jẹ́ àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Etí mọ̀ pé fífà ń gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ìṣirò ni ó sọ fún wa pé bí a bá fẹ́ kí awọ gbọ̀n ní ìlọ́po 2, a gbọ́dọ̀ fà á ní ìlọ́po 4. Nígbà náà ni òwe tí ó sọ pé ìlù tí ó bá dún àdúnjù yóò ya di ohun tí a lè wọ̀n. Etí nìkan kò lè kọ́ afárá, ìwé nìkan kò sì lè lu ìlù. Ọmọ tí ó ní méjèèjì ni a ń wá.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún irú ẹ̀kọ́ báyìí. Èsì ti wà fún wọn láti ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà náà. Èmi kò fara mọ́ ìfagilé yìí. N kò kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìdánwò ni, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó há ìtumọ̀ rẹ́sónáǹsì sórí láìmọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ nínú kẹ́ẹ̀gì omi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ni ó ní, kò ní òye.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ onílù ju gbogbo wa lọ. Àwọn kan ń fi ojú alágbe wo àwọn ìdílé Àyàn, ọmọ wọn a sì máa tijú láti dárúkọ iṣẹ́ baba rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa gbà pé físíìsì kì í ṣe ti irú òun, a sì fi í sílẹ̀. Kí ó rántí pé ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa, Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó wà lórí oyè láti ọdún 1946 sí 1975, jẹ́ ọba tí ó ń lu ìlù fúnra rẹ̀, tí ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Kí ó rántí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba kọ odidi ìwé lórí ìlù dùndún ní ọdún 1990. Ohun tí ọba kò kà sí ẹ̀gàn, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò kà sí yẹpẹrẹ, kò yẹ kí ó jẹ́ ìtìjú fún ọmọ ẹni tí ó ni ín.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Kí olùkọ́ físíìsì pe onílù kan wá sí kíláàsì ní ọjọ́ tí yóò bá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, kí ó fún un ní àga, kí ó sì fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ gbọ́ kí wọ́n tó kọ. Kí wọ́n fi yanrìn dán an wò kí wọ́n tó ṣe ìṣirò. Lẹ́yìn náà ni kí a kọ òfin náà sí ojú pátákó ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ní ìpè tí ó ń jẹ́. Bí a bá fi ohun tí ó mọ̀ pè é, yóò dáhùn.