Sójà Wa Ní Orúkọ!

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ mi, ní East Flatbush níbí àti níbi gbogbo! A kò ní ka a-b-d lónìí. Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ọmọ mi wo fíìmù ìròyìn Ogun Hítílà fún iṣẹ́ àmúrelé. Nígbà tó wò ó tán, ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwa kò sí níbẹ̀ ni?" Ọmọ kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fi hàn án ló rí.

A wà níbẹ̀ o! Nǹkan bí 90,000 sójà láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà ló lọ bá Jàpáánì jà ní Bọ́mà. Kámẹ́rà sì wà. Colonial Film Unit, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939, ṣe fíìmù nípa wọn ní 1945: West Africa Was There. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú fíìmù ìròyìn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, sójà wa á ru ẹrù, á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ. Òyìnbó ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Kò ní orúkọ, kò ní ohùn.

Àwọn kan á ní, "Ó kúkú sàn ju kí wọ́n má fi wọ́n hàn rárá." Mo ní rárá! Nínú ogun kan náà, ní 1943, wọ́n ṣe West Indies Calling. Una Marson ti Jamaica àti Learie Constantine ti Trinidad fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn ará ilé àwọn aládùúgbò wa ní Church Avenue. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe! Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn wa ì bá gbọ́ ọ.

Ẹ gbọ́ ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní 1942. Ní oṣù kẹta 1944, ìbọn Jàpáánì fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ létí odò Kaladan. Oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, fi sá pamọ́. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Ìgbà wo ni fíìmù tó jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn yìí jáde? Ní 2011, nígbà tí Barnaby Phillips ṣe é. Ọdún 67! Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá náà kú.

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó gbé kámẹ́rà kò wo ilé wa, wọn kò sì bi wá léèrè orúkọ. Èmi kò ní kí ẹ má fi àwọn fíìmù yìí han ọmọ yín. Ẹ fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a wò. Ẹ dá a dúró, kí ẹ bi wọ́n pé: Ta nìyí? Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ni kò sọ̀rọ̀?

Iṣẹ́ àmúrelé fún ẹ̀yin ọmọ: Ẹ pe bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn o! Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi wọ́n ní Yorùbá: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lọ sí Bọ́mà nínú ìdílé wa?" Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó dàbọ̀ o.