Àtẹ̀gùn Kò Sọ Òkè Di Pẹ̀tẹ́lẹ̀: Irin-iṣẹ́ Aláwòrán, Èdè BASIC àti Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ẹni tí ó bá dé Òkè Ìdànrè yóò rí i pé àtẹ̀gùn ni àlejò fi ń gùn ún, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600, pẹ̀lú ibi ìsinmi láàrin ọ̀nà. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní àyíká 1933. Ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé-ẹjọ́ àtijọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn tí ó ṣe àtẹ̀gùn náà sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òkè ga bí ó ti ga tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò lè gùn ún tẹ́lẹ̀ ni ó ń gùn ún. Èyí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn olùkọ́ nígbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí irin-iṣẹ́ aláwòrán tí a fi ń fa akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́.

Èdè tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Nàìjíríà ni BASIC. John Kemeny àti Thomas Kurtz ni ó dá a sílẹ̀ ní Dartmouth College, ní Amẹ́ríkà, ní 1964, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Síbẹ̀, QBASIC, ẹ̀yà rẹ̀ tí Microsoft gbé jáde ní 1991, ṣì wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, láti ojú pátákó ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń da LET, PRINT, IF àti GOTO kọ sínú ìwé rẹ̀, láìrí ẹ̀rọ tí yóò ṣe ohun tí ó kọ. Èdè tí a dá sílẹ̀ láti jẹ́ ilẹ̀kùn ti di ògiri fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti 1967 ni Seymour Papert, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon ti gbé èdè Logo kalẹ̀, èyí tí ọmọdé fi ń darí ìjàpá kan tí ó ń fa ìlà bí ó ti ń rìn. Ọmọ Yorùbá tí ó ti mọ Alábahun nínú àlọ́ yóò rẹ́rìn-ín sí èyí, nítorí ìjàpá ti Logo kò ní ọgbọ́n àrékérekè kankan: ohun tí a bá ní kí ó ṣe nìkan ni ó ń ṣe. Ní 1991 ni Visual Basic dé, tí ó fún òǹṣètò láyè láti to bọ́tìnnì àti àpótí ìkọ̀wé sí ojú ẹ̀rọ kí ó tó kọ àṣẹ kankan. Ní 2007 ni Scratch jáde láti MIT, níbi tí àṣẹ ti di búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi tí a ń so pọ̀. Ní 2008 ni Microsoft gbé Small Basic jáde, tí ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ kò tó 20, tí òun náà sì ní ìjàpá tirẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan kò fẹ́ràn irin-iṣẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n ní àwòrán ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀lẹ, àti pé ẹni tí ó to bọ́tìnnì sójú ẹ̀rọ lè rò pé òun ti mọ ìṣètò nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó bá a kọ apá tí ó pọ̀ jù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irin-iṣẹ́ tí ó bá fi èdè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pamọ́ títí láé dà bí àtẹ̀gùn tí ó parí sí agbedeméjì òkè. Ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò le. Small Basic ní ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè gbé ètò rẹ̀ lọ sínú Visual Basic nígbà tí ó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Blockly, tí Google gbé jáde ní 2012, sì lè fi ohun tí a fi búlọ́ọ̀kù tò hàn gẹ́gẹ́ bí ètò JavaScript tàbí Python. Irin-iṣẹ́ tí ó ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ yàn.

Ẹ̀wẹ̀, apá kan wà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kì í sábà mẹ́nu bà, tí ó sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè. Ara búlọ́ọ̀kù ni a ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Nígbà tí àṣẹ jẹ́ IF àti THEN tí a fi ọwọ́ tẹ̀, ó ṣòro láti yí i padà. Nígbà tí ó di àkọlé lára búlọ́ọ̀kù, Yorùbá lè gba ipò náà láìba iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́. Ìbéèrè tí ó kù ni irú Yorùbá tí yóò jẹ́.

Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn àfibí. Nínú Yorùbá, ‘bí’ a máa ṣáájú olùwà, ‘bá’ a sì máa ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: ‘Bí owó bá ju 500 lọ’. Ṣùgbọ́n nínú Scratch, odidi búlọ́ọ̀kù àyẹ̀wò, bíi ‘owó ju 500 lọ’, ni ó ń wọ inú àlàfo ẹyọ kan lára búlọ́ọ̀kù IF. Bí a bá kọ ‘bí’ nìkan sí iwájú àlàfo náà, ‘bá’ kò ní ibi tí yóò dúró sí. Èdè fúnra rẹ̀ ti ní ojútùú: ‘bí ó bá jẹ́ pé’. Ọ̀rọ̀ yìí ti parí ètò gírámà rẹ̀ kí ó tó kan àlàfo, odidi gbólóhùn sì lè tẹ̀ lé ‘pé’. THEN kò nílò ìtumọ̀ rárá. ‘Nígbà náà’ tí àwọn kan ń fi sí i, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. ‘Bí bẹ́ẹ̀ kọ́’ sì tó fún ELSE.

Èkejì ni àṣẹ àṣetúnṣe. Òǹkà Yorùbá a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iye ìgbà: lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àlàfo tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi 3 tàbí 37 sí kò lè gba irú ìlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀. ‘Ṣe é ní ìgbà’ ni ó yẹ kí a kọ, kí iye sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta ni àmì ohùn. QBASIC kò gba àmì orí tàbí ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà nínú orúkọ tí òǹṣètò bá fún nǹkan. Owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ di OWO kan ṣoṣo. Scratch gba gbogbo wọn bí wọ́n ti rí. Ní ti èyí, irin-iṣẹ́ aláwòrán bu ọlá fún àkọtọ́ Yorùbá ju èdè àtijọ́ lọ.

Ó sì yẹ kí a ṣọ́ra fún àfiwé tí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ orúkọ nǹkan. Fèrèsé àti bọ́tìnnì kò ní wàhálà, nítorí ojú ń rí wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá pe àṣìṣe inú ètò ní kòkòrò, tàbí tí a pe ọ̀wọ́ lẹ́tà ní okùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá kòkòrò àti okùn. Ohun tí ń gba iye sínú, tí a sì lè da iye inú rẹ̀ nù kí a fi òmíràn rọ́pò, ‘igbá’ tọ́ sí i ju ọ̀rọ̀ gígùn tí a fi ‘yí padà’ hun lọ.

Kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju àkọlé lọ? Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984 ni Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, jáde fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìdànrè rárá. Ilẹ̀kùn kíláàsì ti ń tì. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yorùbá ní láti wá ibòmíràn tí yóò máa gbé, bí kò bá ní di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ nìkan. Àkọlé ara irin-iṣẹ́ tí ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò, nílé tàbí nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibùgbé bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dúró de ẹ̀rọ. Olùkọ́ tí kò ní iná tàbí kọ̀ǹpútà lè gé páálí bí búlọ́ọ̀kù, kí ó kọ ‘bí ó bá jẹ́ pé’, ‘bí bẹ́ẹ̀ kọ́’ àti ‘ṣe é ní ìgbà’ sí wọn lára, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ṣe ìjàpá tí yóò máa rìn bí wọ́n ti tò ó. Lẹ́yìn náà ni kí ó kọ ìlà BASIC tí ó bá a mu sí ojú pátákó. Ọ̀rọ̀ tí kò bá wọ ẹnu àwọn ọmọ, kí olùkọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe èdè-ìperí, kí wọ́n tún un ṣe. Bí a ti ń kan àtẹ̀gùn nìyẹn: ẹsẹ̀ àwọn tí ń gùn ún ni yóò fi èyí tí kò dúró dáadáa hàn.