Iye Epo Kò Sí Ní Ìkáwọ́ Wa, Àmọ́ Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Iná Wà Ní Ìkáwọ́ Wa

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kó tó di ọjọ́ náà, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní Èkó àti ní Àbújá. Láti ìgbà náà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, ìdílé tó ń lo lítà 40 lọ́sẹ̀ ń ná ₦40,000. Bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ilé náà bá lè dín ìdá 15 kù nínú ọgọ́rùn-ún, lítà 6 nìyẹn, ìyẹn ₦6,000. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di ₦24,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Owó tí à ń sọ yìí lé díẹ̀ ní ìdámẹ́ta rẹ̀. Kì í ṣe owó tí bàbá ilé lè fojú di.

Ṣé ìdá 15 ṣeé ṣe lóòótọ́? Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ìkánjú, ìyẹn kí èèyàn tẹ iná lójijì kó sì tún tẹ bíréèkì lójijì, lè dín ibi tí epo kan náà ń gbé ọkọ̀ dé kù ní ìdá 15 sí 30 lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti ìdá 10 sí 40 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Epo la fi ra eré. Nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, eré náà á di ooru lásán, a ó sì tún fi epo mìíràn rà á. Ẹni tó ń wo iwájú, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ní kété tó rí i pé ọkọ̀ ti tò, kò ní san owó eré kan lẹ́ẹ̀mejì.

Eré àsápajúdé náà wà ńbẹ̀. Láti Èkó sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 120. Bí ọ̀nà bá dá, ẹni tó ń sá 120 yóò lo ìṣẹ́jú 60, ẹni tó ń sá 100 yóò lo ìṣẹ́jú 72. Ìṣẹ́jú 12 péré ni èrè eré náà. Àmọ́ agbára tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀ padà á ti fi ìdá 44 lé sí i, epo la sì fi ń bá atẹ́gùn jà. 100 yìí náà ni òfin ojú pópó là sílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó bá pa á mọ́ ń ṣọ́ owó, ó sì ń ṣọ́ ẹ̀mí àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò pé máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣe làálàá. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà yẹ̀ ẹ́ wò ní àárọ̀, kí táyà tó gbóná. Iye tó yẹ kí ó gbà wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni. Ẹ sọ ẹrù tí kò wúlò kalẹ̀ láti inú búùtù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ń dúró de ọmọ níwájú ilé ẹ̀kọ́, nítorí ọkọ̀ tó dúró sójú kan lè jó lítà kan ní wákàtí kan. Bí ìdílé mẹ́ta ládùúgbò kan bá sì ń lọ sí Àsàlátù kan náà, kí ló dé tí ọkọ̀ mẹ́ta fi ń lọ?

Ọgbọ́n kan wà tí kì í ṣe ọgbọ́n: yíyọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bíi ti Èfọ̀n-Aláayè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé kì í fún ẹ́ńjìnnì lépo rárá nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíà, tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí iná. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò nínú jíà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó epo, bíréèkì nìkan ló sì kù tó di ọkọ̀ mú.

Fún àwa Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó. Ẹ̀sìn wa kọ ìnákúnàá, ó sì kọ́ wa ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nínú nǹkan tó pọ̀ àti nínú nǹkan tó kéré. Dírẹ́bà tó ń fi epo ọ̀gá rẹ̀ sáré, àmánà ló ń jó. Ọ̀gá tó sì ń pariwo lé dírẹ́bà létí pé kó sáré nítorí pé òun fúnra òun pẹ́ jáde nílé, ó ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Èyí kò sọ pé kí ìjọba lọ sùn o. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò ní iná tí yóò rọra tẹ̀. Ó ń san owó epo nínú owó dáńfó àti nínú owó gàrí. Òun ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ rò, nípa ọkọ̀ èrò tó pọ̀ àti ọ̀nà tó dára, nítorí kòtò ojú ọ̀nà pẹ̀lú ń mu epo. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dáhùn, ₦6,000 ọ̀sẹ̀ yìí wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wa, kó sì máa mú wa lọ, mú wa bọ̀ láyọ̀. Àmín.