Bí Ilẹ̀ Bá Ṣú Bá Yín Lọ́nà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ nínú ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sùn sí ilé ìtura rí ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wá pé ibo la sùn, a ó ní, "Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni." A mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rò bí wọ́n bá gbọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Díákónì tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọgbà irú ilé bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n ń kọjá. Nítorí ìtìjú yìí, àwọn mìíràn kì í yà rárá. Wọn a máa wa ọkọ̀ lọ nínú òkùnkùn títí di aago méjì òru. Lójú tèmi, àṣà yìí kò dára, ó sì ti gba ẹ̀mí lọ́wọ́ wa.

Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì ńlá Àbújá tàbí ti Èkó ni mò ń sọ. Mò ń sọ nípa àwọn tó wà ní ìlú kéékèèké láàárín Ìlọrin àti Jẹ́bà, tàbí láàárín Lọ́kọ́ja àti Kàbà: ilé oníyàrá mẹ́wàá tàbí méjìlá, ọgbà kékeré tí ọkọ̀ mẹ́rin lè gbà, àti pátákó kan lẹ́bàá títì. Bí ilé náà bá ti kéré tó ni orúkọ rẹ̀ máa ń tóbi tó. Bí ẹ bá rí "Royal" àti "International" lórí pátákó kan náà, ẹ yáa béèrè bóyá omi wà.

Bí ẹ bá wọlé, wọn yóò gbé ìwé gbàǹgbà kan fún yín kí ẹ kọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ. Iye owó méjì ló wà níbẹ̀: ti wákàtí díẹ̀, àti ti ilẹ̀ mọ́. Ohun tí ti wákàtí díẹ̀ wà fún, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nínú yàrá, fóòmù ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á, yóò sì máa dún lábẹ́ yín nígbàkígbà tí ẹ bá yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹ̀rọ omi mẹ́ta wà lára ògiri balùwẹ̀, ṣùgbọ́n inú garawa ni omi wà. Fáànù yóò ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi pa jẹnẹrétọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ilé ọtí bá wà nísàlẹ̀, orin kò ní dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tún kan ìlẹ̀kùn láti bi yín bóyá ẹ ń fẹ́ ẹni tí yóò bá yín sùn. Ẹ dáhùn pé rárá, kí ẹ sì ti ìlẹ̀kùn yín. Kò yẹ kí ó gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti obìnrin tó dá rìn tún le jù. Wọ́n á wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á sì bi í léèrè ẹni tó ń bọ̀ wá bá a. Ìyá tó ń ti ìpàdé W.M.U. bọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, tó sì gbé Bíbélì rẹ̀ sápá, àwọn náà yóò bi í.

Gbogbo èyí rí bẹ́ẹ̀, n kò bo ọ̀kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín, ẹ sùn níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà lójú títì ní òru. Tírélà tó bàjẹ́ sí àárín ọ̀nà kò ní iná, ewé tútù tí wọ́n já sílẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni àmì tí ẹ ó rí, ẹ kò sì ní rí i títí ẹ ó fi dé orí rẹ̀. Kòtò tí ẹ yẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án kò ṣeé yẹ̀ lóru. Màlúù lè sùn sórí ọ̀dà nítorí pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ajínigbé náà mọ̀ pé ọkọ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀nà mọ́. Oorun fúnra rẹ̀ kì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti tó, ọkọ̀ ti wọgbó. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 kò yé kìlọ̀ fún wa nípa ìrìn-àjò òru. Àwa náà a máa gba àdúrà ìrìn-àjò láàárọ̀, a sì máa ń ṣe bí ẹni pé àdúrà náà ni yóò bá wa di ọwọ́ ọkọ̀ mú ní aago kan òru. Ta ló ní kí a má sinmi?

Nítorí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe dá ilé yìí sílẹ̀. Ní 1925, ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Arthur Heineman ṣí ilé kan ní San Luis Obispo, ìlú kékeré kan ní California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láàárín Los Angeles àti San Francisco ni ìlú náà wà. Mọ́tò ìgbà náà kì í lè parí ìrìn náà lọ́jọ́ kan, ó sì mọ̀ pé àgbègbè ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ń ṣú sí. Ó pa mọ́tò àti hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀, ó sì pè é ní mòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwúlò irú ilé bẹ́ẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi dù. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà lówó lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ mòtẹ́ẹ̀lì kò sì gbà wọ́n. Ìdílé kan lè kọjá ilé mẹ́wàá tó tan iná sí pátákó, kí bàbá ṣì máa wa ọkọ̀ lọ, kí àwọn ọmọ máa sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Láti 1936 ni Victor Hugo Green, tó ń pín lẹ́tà fún ilé ìfìwéránṣẹ́, ti ń tẹ ìwé kan jáde tó ń tọ́ka sí àwọn ibi tí wọ́n ti lè gbà wọ́n. Nígbà tí Martin Luther King, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi bíi tiwa, dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Washington ní 28 August 1963, ó ka ọ̀rọ̀ mòtẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ńlá yẹn, ó rántí ẹni tí ìrìn-àjò ti rẹ̀, tí kò rí ibi fi orí lé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ká àwọn onílé náà lọ́wọ́ kò. Ohun tí wọ́n fi dù wọ́n nígbà náà ni àwa ń kọjá lára rẹ̀ nítorí ohun tí Màmá Lágbájá yóò sọ.

Àwọn kan yóò ní kí la ṣe ní ará nínú Olúwa, ṣebí ìjọ wà ní gbogbo ìlú. Òótọ́ ni. Láyé àwọn bàbá wa, ilé baálẹ̀ tàbí ilé pásítọ̀ ni àlejò máa ń wọ̀ sí, inú wọn a sì máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Bí ẹ bá kan ìlẹ̀kùn pásítọ̀ ìlú kékeré ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, yóò gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún yín, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sùn sórí ẹní, ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa wá ohun tí yóò sè. Kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé owó tí ó fi ra ẹran yẹn ni owó ọkọ̀ àwọn ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ní owó yàrá lápò, tí ẹ sì lọ fi irú ẹrù yìí lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà rí yín ní hòtẹ́ẹ̀lì, inú rere yín dà? Ẹ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ lọ kí i láàárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

Ẹ rántí pẹ̀lú ibi tí ẹgbẹ́ Gideon ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń fi Bíbélì sínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ní 1898, ontàjà arìnrìn-àjò méjì, John Nicholson àti Samuel Hill, dé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Boscobel, ìlú kékeré kan ní Wisconsin. Ilé náà ti kún, wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì tí kò mọra wọn rí jọ pín yàrá kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí i pé Kristẹni ni àwọn, wọ́n ka Bíbélì, wọ́n gbàdúrà. Ní ọdún kejì, wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ní ojú ń ti òun láti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Bí ẹ bá wá fẹ́ sùn síbẹ̀, ẹ fi ojú wo nǹkan. Ẹ má san owó kí ẹ tó rí yàrá. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ tan iná, ẹ gbé ìrọ̀rí sókè. Ẹ ti ìlẹ̀kùn láti inú kí ẹ sì fà á wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í wò. Bí ó bá wà lábẹ́ fèrèsé yín, tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kọ yàrá náà. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, wọ́n ń pè é ní carbon monoxide. Ẹni tó ti sùn lọ kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú, ó sì lè má jí mọ́. Bí wọ́n bá ní kò sí yàrá mìíràn, ẹ lọ sí ilé tó kàn. Ẹ wo irin ojú fèrèsé náà: bí iná bá sọ, ọ̀nà wo lẹ ó gbà jáde? Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì yín dání, kí ẹ sì mú aṣọ ìbora tiyín. Ẹ má sì pariwo ibi tí ẹ ń lọ lọ́la níwájú gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n ń gbé fúnni ńkọ́? Àwọn kan nínú wa a máa kọ orúkọ èké síbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Ezekiel yóò di Sunday, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ yóò dín ẹyọ kan. Bí àìsàn bá wá dé sí i lóru ńkọ́? Ta ni ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò pè? Ilé ìwòsàn yóò gba ẹnì kan tí kò lórúkọ, ìyàwó rẹ̀ yóò sì wá a kiri fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ orúkọ yín. Ẹ pe ilé, kí ẹ sọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà, orúkọ ìlú náà àti nọ́ńbà yàrá. Ọkùnrin tó bá sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò ní ohun tí yóò máa bò mọ́.

Nígbà tí a bá ń wàásù lórí ará Samáríà rere, a máa ń sọ̀rọ̀ àlùfáà, a máa ń sọ̀rọ̀ ọmọ Léfì. Mo ti gbọ́ ìwáàsù náà lọ́pọ̀ ìgbà, n kò tíì gbọ́ ọ̀kan lórí ẹni tó ni ilé èrò. Ó gba ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ wọlé. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ó sì gbà kí wọ́n padà wá san ìyókù. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ wàhálà, kí ni ará Samáríà náà ì bá ṣe?

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ilé wọ̀nyí. Ọmọkùnrin tó ń fa omi láti inú kànga gun òkè wá bá yín, ọmọbìnrin tó sun orí àga níwájú kí ó lè ṣí géètì fún ẹni tó bá dé lóru, àwọn ni. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní ọjọ́ Ìsinmi, àwa tí a sì ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì kì í kí wọn. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan, ọwọ́ wọn gan-an ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe orí tábìlì.

Mo sì mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka èyí ló ni ilé wọ̀nyí, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí pásítọ̀ wọn mọ̀. Ẹ̀yin ará, bí omi kò bá sí, ẹ sọ fún àlejò kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jìnnà sí fèrèsé lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Bóòtù ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kò wọ́n: ẹ fi sí gbogbo yàrá, títí dé èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹ máa ń fún obìnrin tó bá pẹ́ kó tó dé.