Ṣé Dandan Ni Ká Há Design Patterns Sórí?

Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí à ń kọ́ Python ní Akoka, ìmọ̀ràn kan wọ́pọ̀: kí èèyàn kọ́kọ́ há gbogbo design patterns 23 sórí kó tó máa kọ kóòdù gidi. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ìwé tó kó 23 náà jọ jáde ní 1994. Erich Gamma àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló kọ ọ́. Wọ́n kíyè sí ìṣòro tó ń yọjú léraléra, wọ́n sì fún ojútùú kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n C++ àti Smalltalk ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1996, Peter Norvig gbé wọn yẹ̀ wò nínú èdè bíi Lisp, ó sì rí i pé 16 nínú wọn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, tàbí pé wọn ò tiẹ̀ hàn mọ́.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ju ẹnikẹ́ni lọ. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ yan “he” tàbí “she”. “Ó” kan ṣoṣo ti tó Yorùbá. Ta ló ń kọ́ ọmọ Mushin ní ìyàtọ̀ yẹn kó tó lè sọ èdè rẹ̀?

Ẹ wo iṣẹ́ tiwa gan-an. “Ọ̀” lè wọ kọ̀ǹpútà bí “ọ” tí a fi àmì ohùn lé lórí, tàbí bí “ò” tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀. Ẹ ó wá “ọkọ̀” títí, ẹ ò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Singleton ò lè yanjú èyí. Ẹni tó mọ Unicode yóò fi unicodedata.normalize sẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, ó parí.

Mo gbà pé orúkọ wúlò níbi iṣẹ́ àjọṣe. Ní Yaba, tí ẹni mẹ́rin bá jọ ń kọ kóòdù kan, “fi Adapter sí i” yá ju àlàyé gígùn lọ, àmọ́ ìṣòro náà ti yọ wọ́n lẹ́nu rí ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan tó mọ ohùn Yorùbá dunjú ti pa kóòdù tì nítorí 23 yìí. Ta ni yóò wá bá wa ṣe irinṣẹ́ èdè wa? Ẹ̀yin ọmọ 200 level, ẹ mú àkójọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, ẹ kọ kóòdù tí yóò ka àmì ohùn inú rẹ̀. Tí irú ìṣòro kan náà bá yọjú lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wá bèèrè bóyá ó ti lórúkọ.