Ta ló fún afínko ní fíríìdọ́ọ̀mù?

Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ nílẹ̀ yìí yóò jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kí wọ́n tó pe ẹbí àti ará jọ, kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni onídìrí, bẹ́ẹ̀ náà ni mẹkáníìkì. Bí télọ̀ bá sì ṣe àṣìṣe, aṣọ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ máa gbé kẹ́míkà olóró kọ́ ẹ̀yìn, tó fẹ́ máa fín oko olóko gbowó, kò sí ọ̀gá tí yóò jókòó tì, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìwé. Kó ṣáà ti rówó ra páǹpù, ó ti di oníṣẹ́ nìyẹn.

N kò sọ pé ìjọba káwọ́ gbera. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de oògùn apakòkòrò dichlorvos, èyí tí púpọ̀ wa mọ̀ sí Sniper, nínú ìgò kékeré tí kò ju 100ml lọ. Wọ́n ní kí wọ́n yé tà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti lórí àtẹ inú ọjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé kò gbọ́dọ̀ sí oògùn apakoríko paraquat mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, àti pé atrazine, tí òun náà ń pa koríko, yóò tẹ̀lé e ní 2025. Ó dára bẹ́ẹ̀. Paraquat kò ní ohun tó ń pa oró rẹ̀. Ẹnu kan péré tí èèyàn bá ṣèèṣì gbé mì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò ni gbogbo òfin wọ̀nyí ń bá wí. Ọwọ́ tó di ìgò mú ńkọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fín ilé àti ọ́fíìsì ní ìlú ńlá mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé àṣẹ. Lóko, ta ló ń béèrè?

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ní àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́, nítorí dichlorvos. Ìwọ̀n tí òfin wọn fàyè gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ. Wọ́n rí ẹ̀wà wa tó ní tó 4.6. Àwa tí a kù sílé ńkọ́, tí à ń jẹ èyí tí wọn ò gbà? Ẹni tó da oògùn sí ẹ̀wà yẹn kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Kòkòrò ló fẹ́ pa, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìwọ̀n.

Yúróòpù yẹn kan náà ti ṣòfin ní 2009 pé ẹni tó bá ń fi irú oògùn yìí ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́, kó sì ní ìwé ẹ̀rí. Ní Amẹ́ríkà, láti 1972 ni òfin ti ya àwọn kẹ́míkà tó le jù sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń fín oko ara rẹ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní ti paraquat, tí wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀, ẹni tó máa fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí afínko ní Ṣakí tàbí ní Ìdànrè mọ̀ kó tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀? Kó mọ ohun tí ìlà aláwọ̀ tó wà lára ìgò ń wí: pupa ni èyí tó le jù. Kó mọ̀ pé oògùn kì í gba ẹnu nìkan wọlé, pé awọ ara ń fà á mu. Kó mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ohun tó ń fín má baà lọ bà lé ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Kó má po oògùn méjì mẹ́ta pọ̀ nítorí pé ẹnì kan ní ó máa ń tètè ṣiṣẹ́. Kó mọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fín oko kí wọ́n tó kórè. Ìgò tó ti ṣófo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó fi omi ṣàn án, kó da omi náà padà sínú páǹpù, kó wá dá ìgò náà lu, kí ìyá kan má baà rọ epo sínú rẹ̀ lọ́la. Bí ẹni tó ń fín oògùn kòkòrò bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í datọ́, tí òógùn bò ó, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe epo pupa àti mílíìkì. Kí wọ́n mú ìgò oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ìwé àṣẹ míì tún dé, wọ́n tún ti wá ọ̀nà àtijẹ mìíràn. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kó jẹ́ ní èdè Yorùbá, kí ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹnu àti ti ọwọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè po oògùn lójú olùkọ́, kó sì gbé páǹpù rìn kí wọ́n wò ó. Àwọn tó máa kọ́ wọn kò ṣọ̀wọ́n: àwọn òṣìṣẹ́ ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀, wà; CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ fún àwọn tó ń fín kòkó. Ẹgbẹ́ CropLife Nigeria, tí í ṣe ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò oògùn oko, ti ń dá àwọn afínko lẹ́kọ̀ọ́, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta oògùn kọ́ ló yẹ kó máa dá pinnu ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fínko gbowó ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí oko ọ̀pọ̀ èèyàn ni páǹpù kan ń dé. Àgbẹ̀ tó ní éékà kan lè dúró ná. Kí òfin sì mú ẹni tó ń tà á: oògùn tí ìlà rẹ̀ bá pupa, kó má kúrò lórí kántà fún ẹni tí kò bá ní káàdì. Kí àwọn ìpínlẹ̀ wa má sì dúró de Àbújá kí ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà tí òjò bá dá àti ìgbà tí òmíràn máa bẹ̀rẹ̀, àyè wà láti kọ́ àwọn afínko ìjọba ìbílẹ̀ kan, láti dán wọn wò, kí wọ́n sì tẹ káàdì fún wọn.